Kí Ẹ Tó Gbé Ẹrù Wọ Aginjù

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Bàtà tuntun kò gbọdọ̀ bá yín wọ aginjù. Ẹ ti máa fi rìn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kó lè rọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ló dáa. Ti òwú máa ń mu òógùn, kì í sì tètè gbẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lé ròrò. Níbi tó bá ti ń ta yín, ẹ dúró, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó wọn kílò 70 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 14 lọ, oúnjẹ àti omi pẹ̀lú. (Kílò kan ni lítà omi kan o!) Ohun tó wúwo, àárín báàgì ni kó wà, kó fara ti ẹ̀yìn yín; bó bá jìnnà sí ẹ̀yìn, ṣe ni á máa fà yín sẹ́yìn. Ìbàdí ló yẹ kó gba ọ̀pọ̀ ìwúwo náà, torí náà ẹ kọ́kọ́ fún bẹ́líìtì rẹ̀ kí ẹ tó fa ti èjìká.

Omi odò tó mọ́ gaara ṣì lè ní kòkòrò. Ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1. Níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú 3.

Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà àti ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé.