Ọjà Brixton: Ilé Bọ́, Ọlọ́jà Ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ọjà ìgboro ló wà lọ́kàn mi lónìí, Brixton ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n la Electric Avenue láàárín 1880 sí 1890, òun ni títì ọjà àkọ́kọ́ tí iná mànàmáná tàn sí nílùú náà. Ìbòrí irin àti gíláàsì wà lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí òjò má baà lé oníbàárà lọ. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì bà á jẹ́, wọ́n sì tú ìyókù kúrò lẹ́yìn 1980. Àdánù gbáà, nínú ìlú tí òjò kì í jìnnà sí!

Granville Arcade, ọjà abẹ́ òrùlé, dé ní 1937. Àwọn ará Karibíà tó bá ọkọ̀ Windrush dé ní 1948 ń wáṣẹ́ ní Coldharbour Lane, ẹ̀gbẹ́ ọjà náà gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́, ni iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá dórí àtẹ.

Ọjà méjì ló so pọ̀ o. Ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth ló ń fún àwọn tó ń pàtẹ sí títì ní láísẹ́ǹsì. Ìsọ̀ abẹ́ òrùlé, onílé ló ni ín. Ní 2009, ìsọ̀ tó ṣófo pọ̀ ní Granville Arcade, onílé sì ń gbèrò láti wó o. Ìgbà náà ni Space Makers, ẹgbẹ́ kan tó ń wá ìlò fún ààyè tó ṣófo, fi àwọn ìsọ̀ òfìfo lọ àwọn tó ní èrò tuntun, lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù 3. Ọgbọ́n gidi ni: owó ìsọ̀ kí oníbàárà tó dé ló ń pa ọlọ́jà tuntun, ilẹ̀kùn tó tì pa sì ń lé oníbàárà ẹni tó múlé tì í. Ní 2010, ìjọba fi ilé náà sínú àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ wó láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn ń ṣọ́ bíríkì àti òrùlé, kò mọ nǹkan kan nípa owó ìsọ̀. Ilé oúnjẹ alẹ́ pọ̀ sí i. Nígbà tí ìwé àdéhùn bá tó yẹ̀ wò, iye tí aládùúgbò tuntun ń san ni onílé máa ń fà yọ, á ní iye tí ìsọ̀ ń lọ nìyẹn. Ilé oúnjẹ tó ń pawó di òru lè san án. Oníṣu tó ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Lójú tèmi, kí wọ́n tó yọ̀ǹda ìsọ̀ kankan lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọlọ́jà àtijọ́ ibi tí àfikún owó kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti pé nínú ìsọ̀ mélòó kan, oúnjẹ tí a kò tíì sè, bí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, nìkan ni wọ́n lè tà níbẹ̀.