Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, mo ti ń dá rìn

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní ilé ìwé, ẹ bá mi yọ̀! Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí mi láti ìgbà tí mo ti ṣubú ní balùwẹ̀, Ọlọ́run ti gbọ́. Lánàá, èmi nìkan ni mo lọ sọ́jà, mo ra ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn padà wálé.

Egungun ìbàdí tó kán ti jinná tipẹ́. Dọ́kítà fi irin dè é, ó sì dúró dáadáa. Ìbẹ̀rù ni kò jinná. Bí mo bá ti fẹ́ dìde báyìí, àyà mi á já, òógùn á bò mí, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí mo ṣe ń jókòó pẹ́ tó ni iṣan ẹsẹ̀ mi ń joro tó, ẹsẹ̀ tó joro ló sì ń tètè gbéni ṣubú.

Ọmọbìnrin físíò yẹn, tó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa tún rìn, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi tó fi mú ìwé ìbéèrè 16 kan jáde. Báwo ni ọkàn yín ṣe ń dààmú tó pé ẹ lè ṣubú bí ẹ bá ń wẹ̀? Bí ẹ bá ń wọṣọ? Bí ẹ bá fẹ́ gbé fóònù kó tó dákẹ́? Nọ́ńbà ni mo fi ń dáhùn, 1 bí ọkàn mi ò bá dààmú rárá, títí dé 4 bó bá dààmú gan-an. Nígbà tó kan ìbéèrè ìkẹyìn, nípa lílọ sí ìsìn tàbí ìnáwó ẹbí, mo bú sẹ́kún. Ẹ mọ ìgbéyàwó tí mo jókòó sílé tí ẹ ń fi fídíò rẹ̀ hàn mí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màmá, ìyẹn gan-an la máa tọ́jú."

Ọjọ́ kan wá dé tí ọmọbìnrin físíò náà tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n sì dá dìde. Ilẹ̀ tí mo ń sá fún! Àkọ́bí mi faraya, ó ní ṣé ó fẹ́ pa ìyá òun ni. Físíò kò dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ tì mí: "Màmá, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fi ìgúnpá ti ara yín sókè. Ẹ rá kòrò dé ìdí àga. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹsẹ̀ tó lágbára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yá, ẹ dìde." Mo ń pe Jésù, mo ń laagùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí àga. Nígbà tí mo jókòó tán, mo wò ó, òun náà ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí mo tilẹ̀ tún ṣubú, mo lè dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ní kọ̀rọ̀ pé egungun arúgbó kì í so, mo gbọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pariwo "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má dìde" ní gbogbo ìgbà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má fi ìfẹ́ de àgbàlagbà mọ́ àga. Ẹ dúró tì í, kó máa rìn.

Kẹ́ ẹ má bàa ṣubú bíi tèmi, ẹ ká rọ́ọ̀gì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ tan iná sí ọ̀nà balùwẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ jókòó díẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó dìde. Oògùn oorun tẹ́ ẹ ń rà fúnra yín, ẹ fi han dọ́kítà. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn yín, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi di ọ̀pá mú. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, láti 2012 ni ilé ìwòsàn UCH ti ní ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà nìkan, ẹ gbé àwọn òbí yín lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ mi, lẹ́yìn ìwàásù. Ọmọbìnrin físíò náà ti ní òun máa wá. Ẹ bá mi dìde kí i.