Ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi nípa tíkẹ́ẹ̀tì páàkì lórí ọkọ̀ ilé iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ àbójútó ọkọ̀ ni mò ń ṣe níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára. Tí oní-páàkì aládàáni kan bá ní kí ẹ san £100 nítorí ibi tí ọkọ̀ dúró sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ tí ẹ ń wà kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá yín. Ilé iṣẹ́ tó ń fi mọ́tò háyà ló ni ín, orúkọ tiwọn ló sì sábà máa ń wà nínú ìwé DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Oní-páàkì á san £2.50 fún DVLA, wọ́n á fún un ní orúkọ yẹn, lẹ́tà á sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni mọ́tò kí ẹ̀yin tó gbọ́ ohunkóhun.

Ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ sọnù. Àwọn míì nínú àwọn tó ni mọ́tò kì í fẹ́ wàhálà. Wọ́n á sanwó náà, wọ́n á fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú owó tí ilé iṣẹ́ yín máa san. Tí wọ́n bá ti san án, kò sí ẹni tí ẹ máa bá ṣe àríyànjiyàn mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ náà ni kí ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó ń mójú tó ọkọ̀ níbi iṣẹ́ yín, kó sọ fún àwọn tó ni mọ́tò pé kí wọ́n má san kọ́bọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ yín, ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oní-páàkì. (Tí kánsù tàbí ọlọ́pàá ló fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.)

Òfin tó wà fún wa ni Protection of Freedoms Act 2012, Schedule 4, ní England àti Wales. Ẹ ka paragraph 13 àti 14 fúnra yín, kò gùn rárá. Láti gba ara wọn sílẹ̀, àwọn tó ni mọ́tò ní ọjọ́ 28 láti fi ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí oní-páàkì: èyí tí wọ́n buwọ́ lù pé ọkọ̀ wà ní háyà lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà àdéhùn háyà, àti ẹ̀dà ìwé tí ẹni tó háyà ti buwọ́ lù pé òun ni yóò dáhùn fún irú owó bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ọjọ́ 21 fún oní-páàkì láti kọ Notice to Hirer (lẹ́tà sí ẹni tó háyà ọkọ̀), kó sì fi ẹ̀dà àwọn ìwé yẹn àti ti Notice to Keeper àkọ́kọ́ (lẹ́tà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni mọ́tò) tì í lẹ́yìn.

Ẹ yẹ inú àpò ìwé yẹn wò dáadáa. Léraléra ni mo ti rí i pé lẹ́tà nìkan ló ń dé, kò sí ẹ̀dà kankan pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn ò lè fi òfin yìí gba owó lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀, àfi lọ́wọ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má yára fi orúkọ òṣìṣẹ́ ránṣẹ́. Ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ ni kí lẹ́tà èsì ti jáde, kó má sì sí “mo páàkì” nínú rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni purọ́ o. Tí adájọ́ bá béèrè, òótọ́ ni kí ẹ sọ.

Ohun kan wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ yín lọ́nà. Ẹ ti gbọ́ pé, tí wọn ò bá lẹ ìwé mọ́ ọkọ̀, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 14. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni mọ́tò ni wọ́n ń ka ọjọ́ náà fún. Tiyín lè dé lẹ́yìn oṣù kan kó sì bófin mu. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ wo déètì rẹ̀, kí ẹ tó jiyàn.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀rí tó wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àbúrò kan tó ń tọ́jú àwọn àgbà nílé wọn wọ páàkì kan láàárọ̀, ó jáde, ó tún padà síbẹ̀ lọ́sàn-án. Kámẹ́rà rí ìwọlé àkọ́kọ́ àti ìjáde ìkẹyìn, ó so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ò kúrò níbẹ̀. Tracker, ẹ̀rọ tó ń tọpasẹ̀ ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀, ló fi hàn pé àdúgbò míì ló wà láàárín wákàtí wọ̀nyẹn. Ẹ tètè béèrè fún àkọsílẹ̀ yẹn kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí pé owó náà ti pọ̀ jù. Ní 2015, nínú ẹjọ́ ParkingEye v Beavis, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé £85 tọ́ fún ọkọ̀ tó kọjá wákàtí méjì ní páàkì ilé ìtajà kan ní Chelmsford. Tí pátákó bá hàn kedere, tí ọkọ̀ sì pẹ́ jù lóòótọ́, tí àwọn ìwé sì pé, ẹ san án láàárín ọjọ́ 14 kí wọ́n lè dín in kù. Tí oní-páàkì bá wà nínú BPA, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn oní-páàkì, tí kò sì gba àwíjàre yín, ọjọ́ 28 lẹ ní láti gbé e lọ sí POPLA, àjọ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí kóòtù. Ọ̀fẹ́ ni, ìdájọ́ wọn sì de oní-páàkì, kò de ẹ̀yin.

Lẹ́tà àwọn agbowó-gbèsè lè ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára láti wọ ilé ẹnikẹ́ni. Tí ìwé kóòtù bá dé, ìyẹn yàtọ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti dáhùn, ó sì di 28 tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fèsì pé ẹ rí i gbà. Tí ẹ bá dákẹ́, kóòtù lè dá yín lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu yín, àkọsílẹ̀ gbèsè náà á sì wà fún ọdún 6 àyàfi tí ẹ bá san án tán láàárín oṣù kan.

Tí ọ̀gá bá sì fẹ́ yọ owó náà nínú owó oṣù yín, Employment Rights Act 1996 ní àfi tó bá wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín, tàbí tí ẹ ti fọwọ́ sí i sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé náà hàn yín.