Ọ̀rọ̀ ayé l'Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ayé ní Bonn

Ẹni tó bá mọ Sápọ́n tàbí Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta á mọ ìdí fẹndọ̀ tí mò ń sọ yìí, pátákó gbọọrọ kan tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sí, òkúta wẹ́wẹ́ lórí ẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ, àwọn èèyàn á wá dúró yí i ká, ẹni tó máa rà á ò pọ̀ àmọ́ gbogbo wọn ló ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ. Kílẹ̀ tó mọ́ tán wọ́n á ti dé orí Rọ́ṣíà, wọ́n á ti dé Gásà, àwọn àgbà ibẹ̀ á sì rán gbogbo èèyàn létí 1975 tí Nàìjíríà kéde pé ìjọba MPLA, ẹgbẹ́ tó jà fún òmìnira, lòun mọ̀ ní Àǹgólà bí Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ fẹ́, wọ́n á tún mú 1979 jáde, ìgbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gba ilé iṣẹ́ epo BP mọ́ àwọn òyìnbó lọ́wọ́ torí ọ̀rọ̀ South Africa, níbi táwọn aláwọ̀ funfun ti ń jẹ gàba lórí àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn. "Nígbà yẹn, tá a bá sọ̀rọ̀, ayé ń gbọ́." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn níbẹ̀ láìmọye ìgbà, kò tíì sú mi rí.

Bonn ní Jámánì ni mò ń gbé báyìí, ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bonn yìí ni wọ́n ti ń ṣèjọba Jámánì ìwọ̀-oòrùn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó ìjọba lọ sí Berlin, àwọn àjọ àgbáyé sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ọ́fíìsì UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà ti wà níbẹ̀ láti 1996. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé lọ́hùn-ún kì í dúró sí títì, gbọ̀ngàn ló ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Volkshochschule, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú tí ò ní tiẹ̀, àwọn àgbàlagbà ló wà fún, èèyàn lè kọ́ èdè níbẹ̀, ó lè kọ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́ èdè wọn. Tó bá di alẹ́, wọ́n á pe onímọ̀ kan wá, ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ẹni tó ti ṣe ańbásẹ́dọ̀ rí, kó wá sọ̀rọ̀ lórí Ṣáínà àti Taiwan, lórí ogun, lórí owó ibodè tí Amẹ́ríkà ń gbé lé ọjà. Owó ìwọlé ò ju yúró díẹ̀ lọ, nígbà míì ọ̀fẹ́ ni. Onímọ̀ á sọ tiẹ̀, ẹnì kan ò ní já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ (ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ ní Kútọ̀ láéláé), lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé màíkì káàkiri fún ìbéèrè. Ibi ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Mo rántí ìgbà òtútù 2022. Kí ogun Yukréènì tó bẹ̀rẹ̀ ní February ọdún yẹn, ó lé ní ìdajì gáàsì tí Jámánì ń rà tó jẹ́ pé Rọ́ṣíà ló ń tà á fún wọn, nígbà tí gáàsì yẹn dá dúró, ìjọba ní ooru inú ilé ìjọba ò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n 19 (Celsius), ni gbogbo wa bá jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn tàwa ti kóòtù lọ́rùn. Bàbá kan dìde, ó ní bọ́ọ̀sì lòun wà kóun tó fẹ̀yìn tì. Ó gba màíkì. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjọ́ pẹ́ tẹ́yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ti ń sọ fún wa pé gáàsì Rọ́ṣíà ò léwu, owó tó gbà wá lọ́wọ́ báyìí, ta ló yẹ kó san án?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò bínú, kò sì ní kí bàbá jókòó. Ó ṣàlàyé pé gáàsì yẹn pọ́ọ́kú, pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pé Poland ti pariwo títí tí wọn ò dá a lóhùn, ó wá ní àwọn onímọ̀ náà ní tiwọn nínú ẹ̀bi yẹn. Nígbà tó parí, àwọn èèyàn fi ìka kan tábìlì, bí wọ́n ṣe ń yin olùkọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Dẹrẹ́bà bọ́ọ̀sì bi ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè lójú gbogbo èèyàn, ọ̀jọ̀gbọ́n sì dá a lóhùn, èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nílé wọn ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kò sí nǹkan tó wù mí nílùú yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ tiwa, ìdí fẹndọ̀ mọ̀ ju gbọ̀ngàn lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Niger tó wà lókè wa. July 26, 2023 làwọn sójà ibẹ̀ lé Ààrẹ Bazoum kúrò lórí oyè. Oṣù yẹn gan-an ni Tinubu di alága ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti bọ́dà, wọ́n dá owó wọn dúró ní báńkì, wọ́n ní táwọn sójà ò bá gbé ìjọba sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje àwọn lè fi ogun lé wọn, Nàìjíríà sì já iná tó ń fún Niger, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Ilé ni mo wà nínú August yẹn. Mo lọ ra ẹ̀wà ní Láfẹ́nwá, ìyá tó ń tà á ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ná an, ó ní mọ́tò ẹni tó ń kó ọjà fóun wà ní Jìbíyà, ní bọ́dà Katsina, wọn ò jẹ́ kó kọjá, ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò mọ ìgbà tí òmíì máa dé. Ó wá wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó o tòkè òkun dé, kí ni wọ́n ń sọ sí i lọ́hùn-ún?"

Ní ìdí fẹndọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń jà sí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó bá ECOMOG, àwọn sójà ECOWAS, lọ sí Liberia ní 1990, ó ní wíwọlé ò ṣòro, jíjáde ni iṣẹ́, ẹni tó bá ń sọ pé ká lọ jagun kó kọ́kọ́ mú ọmọ tiẹ̀ wá. Òmíràn tó ti ṣiṣẹ́ iná mànàmáná rí ló sọ èyí tí n ò gbàgbé. Ó ní, "Ẹ rántí ibi tí odò Ọya ń gbà wá o, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń kọjá kó tó dé ìdídò Kainji tó ń fún wa níná, àdéhùn àtijọ́ ni pé ká máa fún wọn níná, káwọn náà má dí omi mọ́ wa lókè, wọ́n sì ti ń kọ́ ìdídò Kandadji lọ́wọ́. Tá a bá já iná, a ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè parí ẹ̀ nìyẹn." Ẹnì kan tún ní Hausa ìhín àti Hausa ọ̀hún, ìdílé kan náà ni, tó bá yá wọ́n á bínú kúrò nínú ECOWAS yẹn ni. Àwọn wọ̀nyí ò gba oyè kankan nínú ìmọ̀ ọ̀rọ̀ òkèèrè.

Mo padà dé Bonn, wọ́n ṣe ìjíròrò lórí Niger kan náà, mo lọ. Rọ́ṣíà àti Wagner, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó ń jà fówó, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ti uranium tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Niger, wọ́n sọ ti Agadez tí àwọn tó ń lọ sí Líbíà ń gbà kọjá, wọ́n sọ ti àwọn sójà Jámánì tó wà ní Niamey, olú ìlú Niger, nígbà yẹn. N ò dá wọn lẹ́bi, ibi tí bàtà ti ń ta kálukú lẹ́sẹ̀ ló mọ̀. Àmọ́ alẹ́ yẹn lọ láìsí pé ẹnì kan dárúkọ iná tó kú lójú àwọn aráàlú, tàbí ọjà tó dúró sí Jìbíyà, tàbí odò Ọya. Nígbà tí màíkì dé ọ̀dọ̀ mi, mo sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ nílé, pé iná àti omi so mọ́ra, pé ìyá ẹlẹ́wà kan ń retí mọ́tò. Onímọ̀ tó wà níwájú gbé bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ odò yẹn sílẹ̀, ó bi mí léèrè orúkọ ìdídò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn, inú mi tún bàjẹ́, torí bàbá tó sọ ọ́ gan-an ò tíì ráyè sọ ọ́ fún onímọ̀ kankan nílé.

Ibi tọ́rọ̀ náà sì já sí kọ́ ló yẹ kó já sí. ECOWAS ká ìjẹníyà yẹn kúrò ní February 2024, ó ti pẹ́ jù, January 29, 2025 ni Niger, Mali àti Burkina Faso jáde pátápátá, nínú àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Èkó ní May 1975. Ohun tí wọ́n sọ ní ìdí fẹndọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ò ṣaláìní onímọ̀ o. Wọ́n ti dá NIIA, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ òkèèrè tó wà ní Victoria Island l'Ékòó, sílẹ̀ láti 1961, àwọn èèyàn gidi ti darí ẹ̀, Bọ́lájí Akínyẹmí tó kúrò níbẹ̀ tó wá ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ìgbà tiẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ ètò tá a fi ń rán dókítà àti olùkọ́ wa lọ sáwọn orílẹ̀-èdè míì ní 1987. L'Abẹ́òkúta gan-an, Ọbásanjọ́ ń gbé láàárín wa, òun náà ló ṣalárinà ogun Tigray ní Ethiopia tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Pretoria ní November 2022, láìbrérí ẹ̀ sì wà ní Òkè-Mosàn láti 2017. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìjíròrò yẹn, ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ẹni tí wọ́n bá fìwé pè ló ń wọlé, ìyá Láfẹ́nwá tó ń fi owó ọjà ẹ̀ san gbogbo ìpinnu yẹn ò sí níbẹ̀. Bíi tọdún 2022 náà ni, búrẹ́dì ń gbówó lórí torí pé òkè òkun la ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní Pánṣẹ́kẹ́ ni wọ́n ń bú, kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un pé Òkun Dúdú tí àlìkámà Yukréènì àti Rọ́ṣíà ń gbà kọjá ti di ojú ogun.

Ìyá àgbà kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní October 2023 pé Scholz, olórí ìjọba Jámánì nígbà yẹn, lọ sí Nàìjíríà, ó ń wá gáàsì. Ó ní ṣé lóòótọ́ la ní in. Mo ní a ní in, mo sọ fún un nípa Olókola, iléeṣẹ́ gáàsì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ sí ààlà Ògùn àti Oǹdó nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, tí kò sí níbẹ̀ títí dòní. Ó bi mí léèrè ohun tí màmá mi fi ń dáná. Èédú ni.

Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859 lèyí, Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ló tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó tẹ ìwé ìròyìn kankan níbòmíì ní Nàìjíríà, èdè wa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́nì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ báyìí ò ṣe é sọ ní Yorùbá, irọ́ ni. Àwọn rédíò wa l'Abẹ́òkúta ń ka àkọlé ìwé ìròyìn ní Yorùbá láràárọ̀, ó dáa gan-an, àmọ́ kíkà ni wọ́n ń kà á. Kí wọ́n fún wa ní wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ọjà ti tú, kí wọ́n pe ọ̀jọ̀gbọ́n láti Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìbàdàn, kí wọ́n pe ańbásẹ́dọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kó fi Yorùbá ṣàlàyé, kí wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀, kí ẹni tó bá pè béèrè ohun tó bá fẹ́, kí ẹni tí wọ́n bi sì dáhùn. Kí wọ́n fi bọ́dà Ìdírókò bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ wa náà ló wà, wọ́n tì í pa ní August 2019 torí ìrẹsì, àwọn tó ń ta ìrẹsì ní Kútọ̀ sì ní ìbéèrè nílẹ̀ láti ọdún yẹn.