Ọ̀pọ̀lọ́ Orí Àpáta: Bí A Ṣe Gun Òkè Ìdànrè Láìba Ilé Onílé Jẹ́

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà ní Òkè Ìdànrè tí a kò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di àwátì. Ó tó nǹkan bí ọdún 50 kí àwọn olùwádìí tó tún fojú kàn án, ní 2013. Ní tèmi, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ààfin àtijọ́ àti ibi tí fọ́tò ti ń dára ni mo mọ Ìdànrè sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń múra àtigun òkè náà láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yìí ló da gbogbo ètò wa rú, tó sì tún un tò.

Ọ̀pọ̀lọ́ àdúgbò wa, inú kòtò omi àti gọ́tà ló ń yé sí. Ti Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀. Ara àpáta ni légbénlègbé rẹ̀ ń gbé, nínú omi tó ń sun wá lára òkúta, tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ènìyàn lè fi bàtà tẹ ibẹ̀ kọjá kó má mọ̀ pé òun tẹ ilé ẹnìkan. Awọ ara ni ọ̀pọ̀lọ́ sì fi ń fa omi, kì í ṣe ẹnu. Ohun yòówù tó bá dà sínú omi fẹ́lẹ́ yẹn, ìbáà ṣe ọṣẹ, ìbáà ṣe ìpara ẹ̀fọn tàbí ọ̀dà, ara rẹ̀ ló ń wọ̀. Àwa tí a ti gbà pé ẹni tó bá ti kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, a rí i pé iṣẹ́ ṣì kù.

Èkó la ti gbéra. Àwọn kan fẹ́ kí oníkálukú wa mọ́tò tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa wá bi wá léèrè pé, “Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dàmú nítorí ọ̀rá, èéfín mọ́tò láti Èkó dé Ìdànrè ń kọ́? Ta ni yóò kó ìyẹn sínú àpò?” Kò sẹ́ni tó lóhùn fún un. Bọ́ọ̀sì kan la háyà, gbogbo wa há sínú rẹ̀, a sì sọ̀rọ̀ títí dé Akúrẹ́. Kí n sọ òtítọ́, nínú gbogbo ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà, mo rò pé èyí ló wúwo jù lórí ìwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀.

A sùn ní Akúrẹ́ nítorí oúnjẹ. Ìyá kan ń ta mọ́ínmọ́ín nítòsí ibi tí a dé sí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ewé la fẹ́ o. Ẹ má fi ike tàbí ọ̀rá sè é fún wa.” Màmá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ Èkó ló ń wá ewé! Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ká máa fi ike sè é kó lè yá?” Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é, ewé tó nípọn, tí kò jò. A fi ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé tì í, a kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà. Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, oníkálukú sì ní ìgò tirẹ̀ tó ń bu sí. Lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó yẹ ká jẹ, ẹsẹ̀ òkè la ti rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìdànrè. Ẹni tí a wá bá nílé, ó yẹ kí owó wa kan ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá kan ló ṣamọ̀nà wa. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lórí àtẹ̀gùn, a sì lo gbogbo wọn. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ pé orúnkún òun kò gbọ̀n. Ibi kejì ni mo ti bi bàbá nípa ọ̀pọ̀lọ́ yẹn. Wọ́n ní, “Èyí tó kéré, tó máa ń wà lára àpáta? Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àlejò ni kì í wolẹ̀.” Òjò ti rọ̀ lóru. Bàbá nawọ́ sí àwọn ìlà dúdú tó ń dán lára òkúta, níbi tí omi ti ń sun, wọ́n ní ká má tẹ̀ wọ́n, ká má sì jókòó síbẹ̀. Mo tẹ̀ ba síbi kan, mo rí àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tó ń mira. N kò lè búra pé òun ni. A kò fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí ìpara ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa láti ààrọ̀.

Lókè, ìlú àtijọ́ ṣì dúró: ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́, àti ilé ìwé tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ní 1896. Láti 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ fún àjọ UNESCO pé kí wọ́n gbé yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Síbẹ̀, àwọn kan gbé ọ̀dà gòkè wá láti kọ orúkọ ara wọn àti ti olólùfẹ́ wọn sára àpáta. Ẹ gbé ọ̀dà gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600! Bí ẹ bá gbé omi fún arúgbó kan pẹ̀lú agbára yẹn, àdúrà tí wọn yóò ṣe fún yín ìbá pẹ́ ju ìfẹ́ náà lọ.

Àríyànjiyàn wa tó le jù, èèpo ọsàn ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan fẹ́ jù ú sílẹ̀, ó ní àjílẹ̀ ni. Òun gan-an sì ń dáko. Mo ní oko ní ilẹ̀, ní kòkòrò tó ń sọ èèpo di erùpẹ̀. Orí òkúta akọ kọ́ ni yóò ti jẹrà, yóò kàn gbẹ síbẹ̀ ni. Èyí tí òórùn rẹ̀ bá sì fa ọ̀bọ wá, ọ̀bọ náà yóò kọ́ àtimáa tẹ̀lé àlejò. Ó kó èèpo rẹ̀ sínú àpò, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi títí di òní. A kó ewé mọ́ínmọ́ín náà mọ́ ọn.

Ẹni tó fẹ́ bọ́jú kò lọ síbi omi tó ń ṣàn. Abọ́ la fi bu omi sẹ́yìn, kò sì sí ọṣẹ, kódà èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kì í ba àyíká jẹ́, nítorí inú ilẹ̀ ni irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ti ń rà, kì í ṣe inú omi. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣe é kí ẹ tó gòkè. Bó bá gbé yín lójú ọ̀nà, ẹ jìnnà sí omi tó ẹsẹ̀ bàtà 200, níbi tí ilẹ̀ wà, kí ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì bò ó. Pépà tí ẹ lò, ẹ kó o sọ̀kalẹ̀. Orí òkè yẹn kò ní ilẹ̀ tó pọ̀, nítorí náà ẹ tètè ronú.

Àpò wa kún nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Àwọn tó ń ra ike ní Akúrẹ́ gba ike omi, wọ́n gba ọ̀rá tó mọ́, wọ́n dá èyí tó dọ̀tí padà. Ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, tó máa ń rún wúwúwú, kò sẹ́ni tó gbà á. Fẹ́rẹ́ ni, kò tó owó. A kò rí ibi tí a lè jù ú sí tí atẹ́gùn kò ní gbé e, la bá gbé e dé Èkó fún ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ Èkó ti fòfin de ike yìí láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Bí a ṣe ń wọ Berger, ẹnu ọ̀nà Èkó, ẹ̀gbọ́n wa bojú wẹ̀yìn wo àpò náà, wọ́n ní, “Bí wọ́n bá dá wa dúró, ẹ ní ti Ìdànrè ni o, a kàn ń bá wọn gbé e ni.”