Cal Grant ní ọdún karùn-ún fún olùkọ́: ẹ ka oṣù yín

Inú ṣì ń bí mi, nítorí náà ẹ fojú fo ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti gbóná jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kalifọ́níà níbí, tí ẹ ń fi Cal Grant, owó ìrànwọ́ ilé-ìwé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń fúnni, kàwé, tí ẹ sì ti sọ ọ́ lójú àwọn òbí yín pé tíṣà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kúkú mọ bó ṣe máa ń rí nínú ilé wa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń retí. Bí kò bá ṣe nọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, àfi kó yáa wá owó rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun wí.

Èmi rò pé mo ti wá owó mi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ yìí kò dà bí ilé, níbi téèyàn á ti wọlé lọ ka B.Ed., táá sì jáde ní olùkọ́. Láti ìgbà òfin tí wọ́n ń pè ní Ryan Act, lọ́dún 1970, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó kọ́kọ́ gba dìgírì nínú iṣẹ́ kan, ìṣirò tàbí ìtàn tàbí bàólójì, ká tó tún lo nǹkan bí ọdún kan sí i láti gba ìwé-àṣẹ olùkọ́ tí gbogbo wa ń pè ní credential. Cal Grant ní tirẹ̀, ọdún mẹ́rin ni. Ṣé ẹ ti rí ibi tí wàhálà wà? Ọdún tí owó tán gan-an ni ọdún tí èèyàn kò ráyè ṣiṣẹ́. Wákàtí 600 ni wọ́n ní ká lò nínú kíláàsì olùkọ́ mìíràn, TP (teaching practice) tí àwọn tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ nílé máa ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan. Ẹni tó bá ti gba Cal Grant A tàbí B nígbà tó ń ka dìgírì lè tún gbà á fún ọdún kan sí i, tó bá wọ ẹ̀kọ́ credential. Cal Grant C kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀kọ́ náà kí oṣù 15 tó pé lẹ́yìn tí sáà tí wọ́n san Cal Grant rẹ̀ kẹ́yìn parí. Oṣù 15. Ẹ kọ ọ́ sára fíríìjì yín.

Mo parí ní May 2024. Ìṣirò ni mo kà. N kò wọ credential lójú ẹsẹ̀ torí mo fẹ́ kó owó jọ díẹ̀, mo wá lọ ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, ọdún kan gbáko. August 2025 ni mo padà sílé-ìwé. Mo ti kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tá a fi ń tọrọ owó ìrànwọ́ ilé-ìwé, kí March 2 tó kọjá, bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ọkàn mi sì balẹ̀ pé Cal Grant á wọlé fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣí pọ́táàlì. Gbèsè $4,300 ó lé díẹ̀, fún sáà kan ṣoṣo. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà pupa: bí n kò bá san án, wọn á yọ orúkọ mi kúrò nínú kíláàsì.

Mo lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìrànwọ́. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé, ẹ má béèrè. Ìlà gùn débi ẹnu ọ̀nà, àwọn méjì tá a jọ wà ní credential sì wà lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin tó wà níbi fèrèsé, màá jù ú lọ. Ó tẹ orúkọ mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Cal Grant rẹ ti tán. Ọdún mẹ́rin ni, o sì ti lò ó tán." Mo ní ṣùgbọ́n mo ṣì ń kàwé. Ó ní mo ti gba dìgírì, n kì í ṣe ara àwọn tó ń gbà á mọ́. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí mi kí n lè fojú ara mi rí i. Òdo, òdo, òdo. Ó wá mú bébà kan jáde nípa lóònù, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó ṣeun o. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nígbà míì, ju owó lọ.

Mo jókòó sínú mọ́tò Mọ́mì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí fún bíi wákàtí kan. Olùkọ́ tí mò ń bá ṣe TP fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n má gbàgbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀la, ìdá lórí ìdá. N kò lè dá a lóhùn. Mo pe Dádì. Wọ́n dákẹ́ títí, mo ti rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní, "Ṣé ìwọ náà rí i? Èrè tíṣà, ọ̀run ló wà. Ilé-ìwé nọ́ọ̀sì kò tíì sá lọ." N kò fèsì. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Èló ni wọ́n ní kó o mú wá?" Dádì mi ń wa Uber lóru. Mo mọ òru mélòó ló wà nínú $4,300.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ ohùn Mọ́mì ní kíṣìnì. Wọ́n rò pé mo ti sùn. Ìyá alájọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kó àjọ ṣáájú àsìkò. November ni oṣù tiwọn. Ẹni tó kàn ní September ń palẹ̀ ìsìnkú bàbá rẹ̀ mọ́ ní Ìjẹ̀bú, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Mọ́mì tí kì í tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò! "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí." Wọ́n sọ gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́ta. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo ti ń bi ara mi léèrè pé kí ni mò ń lé gan-an. Ṣé torí àtilọ kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá ní ìdá ni ìyá mi ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lóru?

Obìnrin tó ni September yẹn gbà. Wọ́n fún wa ní September. Mo gbọ́ pé káàdì gbèsè ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé. Bí mo bá rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ẹ̀gbẹ́ ni mò ń gbà kọjá.

Bí mo ṣe bọ́ níbẹ̀ kò lọ títí. Mo lọ bi akọ̀wé ẹ̀ka wa bóyá mo lè dín kọ́ọ̀sì mi kù, ìyá àgbàlagbà kan ọmọ Mẹ́síkò. Ó ní kí ló dé, mo sọ fún un. Ó ní ṣé Cal Grant ni mò ń gbà tẹ́lẹ̀, sáà wo ni wọ́n san kẹ́yìn? Ó ka ìka rẹ̀. "O ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kó pé lọ́jọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀." Fọ́ọ̀mù kan ni. Mo kọ ọ́, ilé-ìwé jẹ́rìí sí i, owó wọlé ní October, Mọ́mì sì dá owó àjọ náà padà sí ibi tó yẹ. Ó parí. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀, ta ló lè dá ìyẹn padà?

Kí wá ni mo kọ́?

Ẹ ka oṣù yín. Ẹ má kà á láti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Láti ìparí sáà tí wọ́n san owó náà kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ti kà á. Ká ní mo sọ pé kí n tún ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà sí i kí n fi kó owó jọ, tí mo wá wọlé ní January 2026, ì bá ti tán. Mi ò tilẹ̀ bá tí mọ̀ pé ohun kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹni mélòó ló ti bọ́ lọ́wọ́ wọn báyẹn, tí wọ́n ń san lóònù lónìí, tí wọ́n sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìkejì, ọdún karùn-ún yìí kì í wá fúnra rẹ̀. Àwọn ọdún mẹ́rin tó kọjá ti bà wá jẹ́: FAFSA nìkan, owó dé. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ óò kọ FAFSA, tàbí fọ́ọ̀mù Dream Act fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, ẹ óò tún sọ lọ́tọ̀ pé ẹ̀kọ́ olùkọ́ lẹ wọ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é níbi fèrèsé: Teaching Credential Program benefits. Ẹ má lọ sọ pé "Cal Grant mi dà?" bíi tèmi. Ìbéèrè tí mo bi ọmọkùnrin yẹn ló dá mi lóhùn rẹ̀, mo mọ̀. Ẹnìkan á sì ní ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí n kò kà á. Ó wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá ohun tí kò mọ̀ pé ó wà? Mo ka gbogbo ohun tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí mi, láti orí CSET, ìdánwò àwọn tó fẹ́ ṣe olùkọ́, dórí ìtẹ̀ka, kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó sọ ọ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ẹ̀gbọ́n mi kan ti sọ pé àìkọbiara ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnu fèrèsé kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀, àwọn akọ̀wé tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ohun tí àwọn ọmọdé tó wà níbi owó kò mọ̀.

Cal Grant ọ̀hún kò bo gbogbo rẹ̀, ẹ má tàn ara yín. Owó ilé-ìwé credential ju ti dìgírì lọ, àlàfo kan á sì kù. Tẹ́ ẹ bá so máásítà mọ́ credential, àwọn kọ́ọ̀sì máásítà kò sí nínú ẹ̀, ti ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ nìkan ni. Àwọn owó mìíràn wà. Golden State Teacher Grant, tó tó $20,000 nígbà kan tí wọ́n wá dín kù sí $10,000. TEACH Grant ti ìjọba àpapọ̀, tó súnmọ́ $4,000 lọ́dún. Àwọn méjèèjì ní àdéhùn nínú, pé ẹ óò lọ kọ́ni níbi tí wọ́n ti nílò olùkọ́. TEACH Grant, ọdún mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́jọ, bí ẹ kò bá sì mú un ṣẹ, ó di lóònù, èlé rẹ̀ á sì padà sẹ́yìn dé ọjọ́ tí wọ́n ti san án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo Cal Grant. Òun kò so yín mọ́ ibì kankan. Àfi oṣù 15 yẹn.

Ìbátan mi kan nílé, tó ń ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì, rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní ní October 2021, ní Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, ₦50,000 fún àwọn NCE. Ó ní òun ṣì ń retí tòun. Nítorí náà mo mọ̀ pé tèmi sàn. Kò ní kí n má bínú.

Ohun tí n óò bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kò pọ̀: wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fún ní Cal Grant, wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n san án kẹ́yìn. Kí wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ nígbà tí oṣù mẹ́wàá bá ti pé nínú oṣù 15 yẹn. Ká ní mo rí irú rẹ̀ gbà, Mọ́mì ì bá sùn lóru yẹn.

Àwọn kan ti ń bi mí nípa tiwọn, mo wá ṣírò rẹ̀ síbí. Ẹni tí sáà rẹ̀ parí ní ìparí May 2025, ìparí August 2026 ni yóò pé, nítorí náà kó wọlé ní August yẹn, kó má dúró de January. Ilé-ìwé tó bá ń parí ní June tó sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí September, ẹ ṣọ́ra gidi, ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ kọjá, ẹ béèrè ọjọ́ náà gan-an kẹ́ ẹ tó fi ìwé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó parí ní December 2025, March 2027 ni tirẹ̀. August 2026 ṣì wà fún un, January 2027 náà wà. August 2027 kò sí.