Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Bàbá Ọlọ́dẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ igbó ọba, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí àwọn ọdẹ ṣe ìṣípà, ètò ìkẹyìn tí ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú, fún Bàbá Ọlọ́dẹ ní abúlé rẹ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń wá bí n ó ṣe kọ̀wé sí yín. Mo ka àbọ̀ tí ẹ kọ nípa iná tó jó lọ́dún yìí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé àwọn ọdẹ ló fà á, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ọdẹ kan sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí ẹ tó wọ igbó, ẹ kọ́kọ́ lọ kí ọdẹ ibẹ̀. Fóònù yín lè fi ibi tí ẹ dúró sí hàn yín, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé odò tó wà níwájú ti kún láti òru àná. Bàbá mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fi iná ọdẹ tó ń dè mọ́rí sin aláboyún tó ń rọbí dé títì lóru, òun ló ń wá ewúrẹ́ tó bá sọnù, bí ó bá sì pa ìgalà, kò sí ilé tí ẹran kì í dé.

Èkejì ni ti iná. Ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1996 ni. Àwọn ọ̀gá wa tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ti kó lọ sí Adó, ọwọ́ kò tó iṣẹ́ mọ́, ni wọ́n bá fi èmi tí n kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ṣe olórí àwọn tó máa sun koríko ààlà yípo oko tíìkì kan. Ẹ mọ bí tíìkì ṣe ń wọ́wé nígbà ọyẹ́, tí ewé gbígbẹ náà á tẹ́ nílẹ̀ bí ẹní. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Bàbá bá wa níbẹ̀. Ó bu eruku díẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa yọ́ dà láàárín ìka rẹ̀, ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, kí ìrì bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò tíì mọ ibi tó ń lọ.” Mo dá a lóhùn pé ìjọba ló rán mi níṣẹ́, kì í ṣe ọdẹ. Mo ṣáná sí i.

Kò pẹ́ tí iná fo ààlà wọ oko kòkó obìnrin opó kan. Èèpo kòkó kò nípọn, gbòǹgbò tó fi ń jẹun kò sì jìn sílẹ̀, nítorí náà igi tí iná bá jó lẹ́sẹ̀ kì í sábà yè. Bàbá ló pe ará abúlé jọ, tí wọ́n fi ẹ̀ka tútù lu iná náà títí ó fi kú, nígbà tí èmi dúró tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Igi mọ́kànlélọ́gọ́ta ló jó. Èmi ni mo kà wọ́n.

Nígbà tí mo dé iwájú ọ̀gá mi, òun ló kọ́kọ́ sọ pé ọdẹ ni yóò ti dá iná náà. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀gá náà títí dòní, nítorí ó mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Òótọ́ ni pé àwọn ọdẹ kan a máa dáná sungbó kí ọ̀yà lè jáde, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ dákun, bí ẹ kò bá rí ẹni tó ṣáná, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí i. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni wọn kò fi jẹ́ kí ọdẹ abúlé náà wọ igbó. Bàbá kò bi mí ní ohunkóhun. Bí mo bá ń kọjá lójúde rẹ̀, a máa pè mí wá jẹun.

Níbi ìṣípà, nígbà tí ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ, dáwọ́ dúró díẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀. Mo rò ó délẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ìyá olóko kòkó náà jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti darúgbó gan-an. Ó ní nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, Bàbá ru ọmọ kòkó wá sí oko òun, ó sì gbìn ín sí ojú ibi tí gbogbo èyí tó jó wà. Nígbà tí òun bi í pé kí ló dé, ó ní wọ́n ti sọ pé ọdẹ ló jó o, òun sì ni olórí ọdẹ.